Ọkọ̀ Onílé Láàárín Òkè àti Adágún: Ìrìn-Àjò ní Erékùṣù Gúúsù Niu Sílándì

Bí ènìyàn bá gbọ́ pé àwọn kan gbé ilé wọn ka orí táyà mẹ́rin, tí wọ́n sì ń wà á kiri láàárín òkè àti adágún fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta, ohun tí yóò kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn ni pé ìgbafẹ́ ni. Ìgbafẹ́ náà ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ní Erékùṣù Gúúsù ilẹ̀ Niu Sílándì, níbi tí irú ìrìn-àjò bẹ́ẹ̀ ti gbilẹ̀ gan-an, èrò kan wà nínú ọkọ̀ tí kò san owó, tí ó sì jẹ́ pé òun gan-an ni ó ń pàṣẹ ibi tí ọkọ̀ yóò yà sí. Ojú ọjọ́ ni èrò náà. Ìbéèrè tí ó yẹ kí a wá ìdáhùn sí ni èyí: kí ni ó fà á tí oòrùn fi lè máa ràn yòò ní òwúrọ̀, kí òjò líle dé ní ọ̀sán, kí yìnyín sì bo ojú ọ̀nà kí ilẹ̀ tó ṣú, ní ọjọ́ kan ṣoṣo, ní ojú ọ̀nà kan ṣoṣo? Kí sì ni ẹni tí ó wà nínú ọkọ̀ lè ṣe sí i?

Ọkọ̀ tí ọ̀rọ̀ kàn yìí, tí àwọn Òyìnbó ń pè ní campervan, kì í ṣe ọkọ̀ akérò, kì í sì í ṣe ọkọ̀ akẹ́rù, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ara bọ́ọ̀sì akẹ́rù kékeré ni wọ́n ti máa ń ṣe é. Wọn a yọ ìjókòó ẹ̀yìn kúrò, wọn a wá to ibùsùn sí i, pẹ̀lú sítóòfù onígáàsì, fíríìjì kékeré, àpò omi mímu kan, àpò omi ìdọ̀tí kan, àti ohun ìyàgbẹ́ tí ó ṣe é yọ láti lọ dà nù. Bátìrì kejì a sì máa wà níbẹ̀ tí ń tan iná alẹ́, kí ti ẹ́ńjìnnì má baà kú. Ọkọ̀ onílé ni a ó máa pè é nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ó ga, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fẹ̀, kò sì wúwo tó bí ó ti rí lójú. Ohun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí ni ó jẹ́ kí afẹ́fẹ́ líle lè máa tì í bí ẹni ti ìlẹ̀kùn. Ẹni tí ó ti wa ọkọ̀ kékeré fún ogún ọdún ní ilé yóò rí i pé ọwọ́ òun kò balẹ̀ ní ọjọ́ kìn-ín-ní àti ọjọ́ kejì. Apá òsì ni wọ́n sì ń gbà wakọ̀ ní Niu Sílándì, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń ṣe ní Nàìjíríà náà kí ó tó di ọdún 1972 tí a yí sí apá ọ̀tún. Ọ̀pọ̀ àlejò tí ó ti ilẹ̀ apá ọ̀tún wá ni ó máa ń gbàgbé èyí ní ìkóríta, pàápàá nígbà tí àárẹ̀ bá ti mú wọn.

Láti mọ ìdí tí ojú ọjọ́ ibẹ̀ fi ń yí padà bẹ́ẹ̀, ó yẹ kí a kọ́kọ́ wo bí ilẹ̀ náà ti dúró. Te Waipounamu ni àwọn Māori, tí wọ́n ti wà níbẹ̀ kí Òyìnbó tó dé, ń pe erékùṣù náà. Ó gùn, ó sì tẹ́ẹ́rẹ́. Ọ̀wọ́ àwọn òkè gíga kan sì nà gbọọrọ láti ìpẹ̀kun kan sí èkejì, ó tó nǹkan bí 500 kìlómítà, ẹ̀gbẹ́ ìwọ̀-oòrùn ni ó sì fẹ̀gbẹ́ tì jù. Bí a bá dúró sí etí òkun ìwọ̀-oòrùn, òkè ti dé tán. Bí a bá dúró sí ìlà-oòrùn, pẹ̀tẹ́lẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ wà níwájú wa kí a tó rí òkè lókèèrè. Ẹ̀yà Ngāi Tahu, àwọn tí wọ́n ni apá tí ó pọ̀ jù nínú erékùṣù náà láti ìgbà ìwáṣẹ̀, ní ìtàn kan tí ó ṣàlàyé èyí. Wọ́n ní Aoraki àti àwọn arákùnrin rẹ̀, tí wọ́n jẹ́ ọmọ Rakinui, Bàbá Òfuurufú, wọ ọkọ̀ ojú omi kan sọ̀ kalẹ̀ láti ọ̀run wá wo Papatūānuku, Ìyá Ilẹ̀. Nígbà tí wọ́n fẹ́ padà, ọfọ̀ tí ó yẹ kí ó gbé wọn lọ kò jẹ́. Ọkọ̀ wọn gúnlẹ̀ sórí àpáta, ó fì sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ̀gbẹ́ ìwọ̀-oòrùn rẹ̀ sì ga sókè. Àwọn arákùnrin náà sá gun ẹ̀gbẹ́ tí ó ga, ibẹ̀ ni wọ́n sì di òkúta sí. Ọkọ̀ náà ni erékùṣù, àwọn ọmọ Rakinui ni òkè, Aoraki tí ó ga jù láàárín wọn ni òkè tí ó ga jù ní gbogbo Niu Sílándì títí di òní. Ẹni tí ó bá gbé àwòrán ilẹ̀ náà sí iwájú yóò rí i pé ìtàn yìí kò ṣì wí: ilẹ̀ náà fì lóòótọ́.

Ọ̀rọ̀ orúkọ yìí tọ́ sí kí a dúró lé e lórí díẹ̀, nítorí ojú pátákó ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ni arìnrìn-àjò yóò ti máa bá a pàdé lójoojúmọ́. Ní ẹ̀ka-èdè Ngāi Tahu, k ni wọ́n ń pè níbi tí àwọn Māori ti àríwá ti ń pe ng. Aoraki ni tiwọn, Aorangi ni ti àríwá. Olùkọ́ èdè tí ó ti gbọ́ bí ọmọ Ìbàdàn ṣe ń pe iṣu ní isu kò ní rò pé èyí jẹ́ àṣìpè. Ṣùgbọ́n àṣìkọ wà lóòótọ́: adágún Takapō ni àwọn ayàwòrán ilẹ̀ sọ di Tekapo, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì ṣe ń kọ ọ́ fún ọdún gbọọrọ. Ní ti Aoraki, ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi kan tí í ṣe Gẹ̀ẹ́sì, John Lort Stokes, ni ó fún un ní orúkọ James Cook ní ọdún 1851, orúkọ yẹn nìkan ni ó sì wà nínú ìwé ìjọba títí di ọdún 1998. Ọdún yẹn ni òfin tí ó parí ẹjọ́ ilẹ̀ láàárín ìjọba àti Ngāi Tahu dá orúkọ àtètèkọ́ṣe padà, tí ó sì gbé e ṣíwájú: Aoraki / Mount Cook. Àwọn onílẹ̀ a sì máa rọ àwọn tí ń gun òkè náà pé kí wọ́n má ṣe fi ẹsẹ̀ tẹ góńgó rẹ̀ gan-an, nítorí orí baba ńlá ni.

Ìgbà tí a bá mọ bí ilẹ̀ ti dúró, ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ kò ṣòro mọ́. Láàárín ìlà ogójì àti ìlà àádọ́ta ní ìhà gúúsù ayé, òkun ni ó pọ̀ jù, ilẹ̀ tí ó lè dá afẹ́fẹ́ dúró kò tó nǹkan. Nítorí náà ni afẹ́fẹ́ ìwọ̀-oòrùn fi ń fẹ́ níbẹ̀ láìsinmi, tí àwọn atukọ̀ àtijọ́ fi sọ agbègbè náà ní Ogójì Tí Ń Bú Ramúramù. Afẹ́fẹ́ yìí ti rìn lórí omi fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún kìlómítà, ó ti mu ọ̀rinrin yó, kí ó tó wá forí sọ òkè Niu Sílándì. Kò lè wọ inú òkè, àfi kí ó gùn ún. Bí ó bá ń gùn ún, ó ń tutù. Bí ó bá ń tutù, agbára rẹ̀ láti gbé ọ̀rinrin ń dín kù. Ohun tí kò lè gbé mọ́ ni ó ń dà sílẹ̀ ní òjò àti yìnyín sí ẹ̀gbẹ́ ìwọ̀-oòrùn.

Ìṣirò rẹ̀ kò le, ó sì dára fún ọmọ ilé-ẹ̀kọ́. Afẹ́fẹ́ tí ó gbẹ máa ń fi bí dígírì Celsius 10 tutù sí i fún 1,000 mítà kọ̀ọ̀kan tí ó bá gùn. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rinrin inú rẹ̀ bá ti ń di òjò, ooru tí ó fara pamọ́ sínú ọ̀rinrin náà ń tú jáde, nítorí náà kì í tutù ju bí dígírì 6 lọ. Ká ní ó gun 2,000 mítà pẹ̀lú òjò, yóò pàdánù dígírì 12. Nígbà tí ó bá ré òkè kọjá, tí ó ti da omi rẹ̀ nù, tí ó sì ń sọ̀ kalẹ̀ 2,000 mítà ní gbígbẹ, yóò jèrè dígírì 20. Afẹ́fẹ́ kan náà yìí ti wá fi dígírì 8 gbóná ju bí ó ti wà ní etí òkun lọ. Èyí ni ó fà á tí ènìyàn fi lè máa làágùn ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ ìlà-oòrùn nígbà tí àgbàrá ń wọ́ afárá lọ ní ẹ̀yìn òkè. Ní ọjọ́ bẹ́ẹ̀, àwọn ará pẹ̀tẹ́lẹ̀ Canterbury máa ń rí àwọsánmà kan tí ó tẹ̀ bí ọrun ọdẹ lórí òkè, tí ojú sánmà mímọ́ sì wà lábẹ́ rẹ̀. Wọ́n ti mọ̀ pé afẹ́fẹ́ gbígbóná ti dé, àti pé otútù ń tẹ̀ lé e. Nítorí lẹ́yìn rẹ̀ ni afẹ́fẹ́ gúúsù máa ń já wọlé láti ìhà ilẹ̀ oníyìnyín ìsàlẹ̀ ayé, tí ìwọ̀n ooru a sì fi dígírì 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ jábọ́ láàárín wákàtí díẹ̀.

Ẹ̀rí èyí kò jìnnà. Ní Piopiotahi, tí Òyìnbó ń pè ní Milford Sound, òjò ọdún kan ju 6,000 mìlímítà lọ. Ní ìlú Alexandra, tí kò tó 150 kìlómítà sí i bí ẹyẹ bá fò ó, òjò ọdún kan kò pé 400. Ẹni tí ó bá wa ọkọ̀ onílé láti ọ̀kan sí èkejì ti ti inú igbó tí èéhù bo ara igi rẹ̀ dé ilẹ̀ tí koríko rẹ̀ pọ́n bí ìdẹ láàárín ọjọ́ kan. Òótọ́ ni pé ẹni eji rí ni eji ń pa, ṣùgbọ́n níhìn-ín, òkè ni ó ń yan ẹni tí eji yóò rí.

Christchurch ni ọ̀pọ̀ arìnrìn-àjò ti ń gba ọkọ̀. Wọn a kọjá pẹ̀tẹ́lẹ̀, wọn a gun ibi tí òkè gbé lanu ní Burke Pass, tí ó ga ní 709 mítà, lẹ́yìn náà ni adágún Takapō yóò yọ sí wọn lójijì. Àwọ̀ omi náà ni ó máa ń kọ́kọ́ ya ènìyàn lẹ́nu. Kì í ṣe àwọ̀ aró, kì í sì í ṣe àwọ̀ ewé; bí ẹni pé wọ́n po wàrà díẹ̀ mọ́ aró ni. Àwọn odò yìnyín tí ó wà lókè ni ó fà á. Odò yìnyín kì í dúró sójú kan. Ó ń wọ́ sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó sì ń fi òkúta tí ó dì mọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀ lọ àpáta bí ọmọ ọlọ ti ń lọ ata lórí ìyá ọlọ. Ìyẹ̀fun òkúta tí ó ń tibẹ̀ jáde kúnná ju èlùbọ́ lọ, tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi lè tètè rọ̀ sí ìsàlẹ̀ omi. Bí oòrùn bá ràn sí omi náà, omi a gbé àwọ̀ pupa mì, ìyẹ̀fun a sì da àwọ̀ aró àti àwọ̀ ewé padà sójú ẹni tí ń wò ó. Nígbà tí àwọsánmà bá bo oòrùn, adágún kan náà yóò di àwọ̀ eérú. Ẹni tí ó bá rí i ní ọjọ́ òjò nìkan lè fẹ̀sùn irọ́ kan àwọn tí ó ya àwòrán rẹ̀.

Ilé ìsìn kékeré kan tí wọ́n fi òkúta kọ́ ní ọdún 1935 wà ní etí adágún yìí, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó sì ń tò síbẹ̀ láti ya fọ́tò. Ó dára, ṣùgbọ́n ìràwọ̀ ibẹ̀ dára jù ú lọ. Láti ọdún 2012 ni wọ́n ti ya agbègbè Aoraki àti Mackenzie sọ́tọ̀ fún òkùnkùn alẹ́, tí òfin sì ń dín iná ìta kù, kí ojú lè ríran rí ọ̀run.

Láti ibẹ̀, ọ̀nà gba ẹ̀gbẹ́ adágún Pukaki lọ sí ẹsẹ̀ Aoraki, ó sì tó bí 55 kìlómítà. Ní ọjọ́ tí ojú sánmà bá mọ́, òkè náà wà níwájú awakọ̀ ní gbogbo ọ̀nà yìí bí ọba lórí ìtẹ́. Ní ọjọ́ mìíràn, kò sí òkè, kò sí nǹkan kan, àfi àwọsánmà tí ó jókòó sórí omi. Àwọn kan dúró fún ọjọ́ mẹ́ta láìrí i, wọ́n sì padà. Gíga rẹ̀ gan-an kò dúró sójú kan. 3,764 mítà ni ó wà nínú ìwé tẹ́lẹ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1991, àpáta orí rẹ̀ ya lulẹ̀ lóru, wọ́n sì yọ 10 mítà kúrò. Ìwọ̀n tuntun tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2014 fi hàn pé 3,724 mítà ni, nítorí yìnyín tí ó kù lórí rẹ̀ ti ń yọ́, ó sì ń jẹrà láti ìgbà tí àpáta ti ya. Ní ẹsẹ̀ òkè níbẹ̀ ni odò yìnyín Tasman wà, tí ó gùn jù ní Niu Sílándì. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, kò sí adágún ní iwájú rẹ̀ rárá, àfi ìkúdù kéékèèké. Lónìí, ọkọ̀ ojú omi ń gbé àlejò lórí adágún tí ó gùn ní ọ̀pọ̀ kìlómítà níbi tí yìnyín wà nígbà náà. Nígbà tí ilẹ̀ mì ní Christchurch ní ọjọ́ 22 oṣù Kejì ọdún 2011, ìmìtìtì náà bu yìnyín tí wọ́n fojú dá sí 30 mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù kúrò ní ẹnu rẹ̀ sínú omi, ìgbì sì dìde. Arẹwà ni adágún náà, ṣùgbọ́n àmì àìsàn ni. Ohun tí àlejò ń wò, tí ó ń yọ̀ sí, ni odò yìnyín tí ń kú.

Níbo ni ẹni tí ó wà nínú ọkọ̀ onílé yóò sùn? Ní ìgbà kan, ẹnikẹ́ni lè dúró sí etí adágún tí ó bá wù ú. Bí àwọn àlejò ti ń pọ̀ sí i, ìgbẹ́ àti bébà bẹ̀rẹ̀ sí pọ̀ lẹ́yìn igbó, inú àwọn ará ìlú kò sì dùn sí i. Òfin jáde ní ọdún 2011, ó fún ìjọba ìbílẹ̀ ní agbára láti sọ ibi tí ènìyàn lè sùn àti ibi tí kò gbọ́dọ̀ sùn. Òfin mìíràn ní ọdún 2023 wá fi kún un pé ọkọ̀ tí yóò gba ìwé ẹ̀rí pé ó dá tó ara rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ibi ìyàgbẹ́ tí a kàn mọ́ ara ọkọ̀. Èyí tí wọ́n ń gbé sábẹ́ ibùsùn kò tó mọ́. Owó ìtanràn sì wà fún ẹni tí ó bá rú u. Àwọn kan ń ráhùn pé òfin yìí le jù fún tálákà tí kò lè ra ọkọ̀ ńlá, ọ̀rọ̀ wọn sì ní ìtumọ̀ díẹ̀. Ṣùgbọ́n omi tí a ń sọ yìí ni àwọn ará ibẹ̀ ń mu. Ìdọ̀tí ojú kò sì lè tó èyí tí ojú kò rí: ní ọdún 2004 ni wọ́n kọ́kọ́ rí èéhù àjèjì kan tí ń jẹ́ didymo nínú odò Waiau ní gúúsù erékùṣù náà, ó sì ti ran ọ̀pọ̀ odò láti ìgbà náà. Ẹ̀kán omi kan lábẹ́ bàtà tó láti gbé e láti odò kan sí èkejì. Nítorí náà ni wọ́n fi ń sọ fún ẹnikẹ́ni tí ó bá tẹ ẹsẹ̀ bọ omi pé kí ó yẹ ohun èlò rẹ̀ wò, kí ó fọ̀ ọ́, kí ó sì sá a gbẹ kí ó tó lọ sí omi mìíràn.

Lẹ́yìn Lindis Pass, tí ó ga ní 971 mítà, ọkọ̀ yóò dé adágún Wakatipu. Omi rẹ̀ ń wú, ó sì ń rọ̀, bí àyà ẹni tí ń mí, ní ìwọ̀n bí 10 sẹ̀ǹtímítà, láàárín ìṣẹ́jú bí 26 sí 27. Ìtàn ní òmìrán kan, Matau, ni ó jí ọmọbìnrin kan gbé, tí olólùfẹ́ ọmọ náà, Matakauri, wá dáná sun ún lójú oorun. Ara òmìrán náà jó ilẹ̀ wọnú, omi kún ibẹ̀, ọkàn rẹ̀ nìkan ni kò jóná tí ó ṣì ń lù. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní mímì omi nínú àwo tí ó gùn ni, tí afẹ́fẹ́ àti yíyí agbára ojú ọjọ́ ń tì láti ìpẹ̀kun kan sí èkejì. Ìwòye méjèèjì gbà pé nǹkan kan ń lù nísàlẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti di gbọ́nmi-si-omi-ò-to ni ọ̀nà Te Anau sí Piopiotahi. Ọ̀nà náà tó bí 120 kìlómítà, kò sí ilé epo láàárín rẹ̀, ó sì gba inú òkè kọjá ní ihò kan tí wọ́n ń pè ní Homer Tunnel. Ní ọdún 1935 ni àwọn ọkùnrin márùn-ún bẹ̀rẹ̀ sí fi piki gbẹ́ ẹ. Òkìtì yìnyín ya lu àwọn òṣìṣẹ́, ó pa nínú wọn. Ogun àgbáyé dá iṣẹ́ dúró. Ọdún 1954 ni ọkọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí gba ibẹ̀. Títí di òní, láàárín oṣù Karùn-ún àti oṣù Kọkànlá, ọkọ̀ gbọ́dọ̀ gbé ṣéènì táyà dání lójú ọ̀nà yìí nígbà tí àmì bá béèrè rẹ̀, awakọ̀ sì gbọ́dọ̀ mọ bí a ti ń so ó. Bí yìnyín bá ti pọ̀ lórí òkè, wọn a ti ọ̀nà pa, wọn a fi hẹlikọ́pítà ju ohun abúgbàù sí i kí ó lè ya lulẹ̀ nígbà tí kò sí ènìyàn lábẹ́. Àwọn àlejò a máa bínú nígbà tí wọ́n bá bá ọ̀nà ní títì, nítorí oòrùn lè máa ràn ní Te Anau ní àkókò yẹn. Wọn kò mọ̀ pé ìgbà tí oòrùn bá ràn lẹ́yìn yìnyín tuntun gan-an ni òkìtì rẹ̀ máa ń tú.

Ọ̀pọ̀ àlejò ni ó ń bẹ̀rù òtútù. Ṣùgbọ́n omi ni ó tọ́ kí wọ́n bẹ̀rù. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn tí odò gbé lọ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń pe ikú inú odò ní ikú Niu Sílándì. Afárá ti wà báyìí, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì jẹ́ èyí tí ọkọ̀ kan ṣoṣo lè gbà lẹ́ẹ̀kan, ṣùgbọ́n afárá kò lágbára lórí òjò ibẹ̀. Ní ìparí oṣù Kẹta ọdún 2019, 1,086 mìlímítà òjò rọ̀ láàárín wákàtí 48 ní ibi kan ní òkè ìwọ̀-oòrùn tí wọ́n ń pè ní Cropp Waterfall. Odò Waiho sì gbé afárá rẹ̀ lọ ní Franz Josef bí ẹni gbé pákó. Ní oṣù Kejì ọdún 2020, òjò tí ó ju 1,000 mìlímítà lọ rọ̀ sí Piopiotahi láàárín bí ọjọ́ mẹ́ta, ọ̀nà já ní ọ̀pọ̀ ibi, hẹlikọ́pítà ni wọ́n fi kó àwọn àlejò jáde. Ní Haast Pass, tí wọ́n la ọ̀nà rẹ̀ já dé etí òkun ìwọ̀-oòrùn ní ọdún 1965, òkè ya ní alẹ́ ọjọ́ òjò kan ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2013, ó sì gbá ọkọ̀ onílé kan sínú odò. Àwọn méjì tí wọ́n wà nínú rẹ̀ kú. Láti ìgbà náà ni wọ́n fi ń ti ibẹ̀ pa lálẹ́ fún ọ̀pọ̀ oṣù, títí wọ́n fi rí ẹ̀gbẹ́ òkè náà ṣe.

Kí ni ó máa ń gbé ènìyàn sójú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀? Àìmọ̀ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni ó pọ̀ jù. Ọjọ́ ìdápadà ọkọ̀ ni. Ẹni tí ó yá ọkọ̀ fún ọjọ́ mẹ́rìnlá ti pín ọjọ́ náà tán kí ó tó kúrò nílé: ọjọ́ méjì níbí, ọjọ́ kan lọ́hùn-ún, ọkọ̀ òfuurufú ní ọjọ́ karùn-ún-dín-lógún. Òjò kò sí nínú ìpín náà. Bí ó bá wá bẹ̀rẹ̀ sí rọ̀ ní ọjọ́ kejìlá ní etí òkun ìwọ̀-oòrùn, tí òkè sì wà láàárín rẹ̀ àti Christchurch, owó ọkọ̀ òfuurufú ni yóò máa rò, kì í ṣe odò. Àwọn tí wọ́n mọ ilẹ̀ náà a máa fi ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta sílẹ̀ láìyàn án fún ohunkóhun. Wọn a ka àsọtẹ́lẹ̀ ojú ọjọ́ ní òwúrọ̀ àti ní alẹ́, wọn a sì béèrè ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹni tí ó ti ọ̀nà náà bọ̀. Ní ọjọ́ òjò, wọn kì í dúró sùn sí etí odò tàbí ẹsẹ̀ òkè tí òkúta tútù ti já sílẹ̀ rí, bí ó ti wù kí ibẹ̀ tutù lójú tó. Ọkọ̀ onílé ní àǹfààní kan tí ilé ìtura kò ní, èyí sì ni pé ẹni tí ó wà nínú rẹ̀ ti gbé oúnjẹ, omi àti ibùsùn dání. Kò sí ibi tí ó di dandan kí ó dé lálẹ́ ọjọ́ náà. Ó máa ń yani lẹ́nu pé àwọn tí wọ́n san owó nítorí àǹfààní yìí gan-an ni wọ́n máa ń gbàgbé rẹ̀.

Kantíkantí ìwọ̀-oòrùn nìkan ni kì í jẹ́ kí ẹni tí ó dúró sinmi. Ìtàn ní Tū Te Rakiwhānoa ni ó gbẹ́ àwọn àfonífojì Piopiotahi, ó sì rẹwà tó bẹ́ẹ̀ tí Hine-nui-te-pō, abo òrìṣà ikú, fi tú kantíkantí sílẹ̀ níbẹ̀, kí ènìyàn má baà rò pé òun lè máa gbé inú ẹwà náà títí láé.

Ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ ń gbà padà ni Arthur's Pass, tí ó ga ní 920 mítà. Bí ọkọ̀ bá dúró níbẹ̀, ẹyẹ kan tí ń jẹ́ kea yóò bà lé orí rẹ̀. Ìbátan odídẹrẹ́ ni, orí òkè yìnyín ni ilé rẹ̀, ó gbọ́n, ojú kì í sì í tì í. Yóò máa fa rọ́bà etí fèrèsé ya, yóò máa tẹ eriali, yóò sì máa wo awakọ̀ lójú bí ẹni tí ń béèrè owó ibodè. Òfin ń dáàbò bò ó nítorí pé ó ti ń tán lọ, a kò sì gbọ́dọ̀ fún un ní oúnjẹ. Lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀nà yóò máa sọ̀ kalẹ̀ sí ìlà-oòrùn. Ní ọjọ́ òjò, ojúlé ẹ̀yìn ọkọ̀ ṣì lè wà nínú omi nígbà tí iwájú rẹ̀ ti ń wọ ilẹ̀ gbígbẹ. Láàárín kìlómítà díẹ̀, ohun ìnugíláàsì yóò máa ha gíláàsì gbígbẹ, afẹ́fẹ́ gbígbóná yóò bẹ̀rẹ̀ sí ti ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, àwọsánmà tí ó tẹ̀ bí ọrun yóò sì wà nínú díńgí ẹ̀yìn títí dé pẹ̀tẹ́lẹ̀.